Oyún Tí Wọ́n Dè fún Mi

Bátìrì ni mo ń wá. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn Màpó, ọkùnrin kan tó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nípa ojú àgbàrá tó ń jẹ ẹ̀yìn ilé rẹ̀ dúró tì mí, ẹ̀rọ tí mo fi ń gba ohùn sílẹ̀ sì kú. Mo ki ọwọ́ bọ inú báàgì iṣẹ́ mi. Ohun tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ fà jáde ni páàdì kan tí ọ̀rá ara rẹ̀ ti ń bó. Mo yára tì í padà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ mọ́. Mo ń ka oṣù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ra páàdì yẹn, òjò sì ti ń rọ̀ báyìí. Oṣù mẹ́rin ni n kò ti rí nǹkan oṣù mi, n kò sì kíyè sí i, èmi tí mo máa ń bi àwọn olóṣèlú léèrè ọjọ́ àti wákàtí.

Kì í ṣe pé kò sí àmì tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti bàlágà ni nǹkan oṣù mi ti ń ṣe bó ṣe wù ú, ó lè pẹ́ tó oṣù méjì kó tó dé. Irun ń hù lábẹ́ àgbọ̀n mi, mo sì ń tu ú láràárọ̀ kí ọkọ mi tó jí. Ẹ̀yìn ọrùn mi dúdú, mo ń fi kànìnkànìn bó o bí ẹni pé ìdọ̀tí ni. Irorẹ́ tó yẹ kó ti fi mí sílẹ̀ láti ọmọ ogún ọdún kò lọ. Mo ń sanra, bẹ́ẹ̀ n kò jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò so àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ rí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìròyìn lórí rédíò, ara mi nìkan ni n kò ṣe ìwádìí rẹ̀.

Mo ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ oyún wò ní ilé oògùn kan ní Bẹẹrẹ. Ìlà kan ló yọ, ìyẹn ni pé kò sí oyún. Lọ́sẹ̀ kejì mo tún un ṣe, ìlà kan náà ni.

Agbo ilé ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Òsì ni à ń gbé. Yàrá mẹ́rìndínlógún ló yí àgbàlá ká, ilé ìwẹ̀ méjì ló wà fún gbogbo wa. Èmi àti Látì ọkọ mi ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ló máa ń kó àwọn obìnrin ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kí ìrun àsùbáà. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í kírun, nítorí náà gbogbo wa la mọ ọjọ́ ara wa. Ẹni tí kò bá sí lórí ẹní, a kì í bi í.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, Màmá pè mí sí yàrá rẹ̀.

"Ìyàwó, ààwẹ̀ mélòó lo máa san padà?"

"Kò sí, Màmá."

"O gba ọgbọ̀n pé?"

"Mo gbà á pé, mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í gba ọgbọ̀n pé. Ọlọ́hun á sọ̀ ẹ́ kalẹ̀ láyọ̀ o."

Mo sọ fún un pé mo ti yẹ ara mi wò lẹ́ẹ̀mejì, kò sí nǹkan kan.

"Inú ìtọ̀ lo ti wò ó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Oyún tó bá ti sá sẹ́yìn kì í hàn nínú ìtọ̀."

Ìgbàgbọ́ yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa: pé oyún lè kúrò níwájú, kó lọ fara mọ́ ẹ̀yìn obìnrin, kó wà níbẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà síwájú. Màmá ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́ta ni Látì fi wà lẹ́yìn òun kó tó yí síwájú. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn náà nínú agbo ilé. Bí Látì bá ń fi nǹkan falẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ṣebí ọdún mẹ́ta ló fi rìn wá sáyé."

N kò tún jiyàn mọ́. Kí n má parọ́ fún yín, dídákẹ́ náà dùn. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n Látì obìnrin, tí àwa ìyàwó ilé ń pè ní Eyínfúnjowó, ti ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀: "Ìyàwó wa oní-rédíò! Ẹnu ń ṣiṣẹ́, inú ò ṣiṣẹ́." Lọ́jọ́ tí Màmá kéde pé mo lóyún, Eyínfúnjowó fúnra rẹ̀ ló bá mi pọn omi ìwẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n dè é. Oyún dídè kì í ṣe nǹkan tuntun: wọ́n máa ń ṣe é kí oyún má bàa bàjẹ́. Ìyá Ràmọ́nì, ìyá àgbà tó ti gbẹ̀bí púpọ̀ ládùúgbò wa, ni wọ́n pè. Ó mú ọ̀já aṣọ dúdú kan wá tí wọ́n rán nǹkan sí nínú. N kò bi í léèrè ohun tó wà níbẹ̀. Ó so ó mọ́ mi ní ìbàdí, ó sì fi àgàdágodo kékeré kan há a. Ó dún ká. Ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ tó bá ń rọbí ni n ó ṣí i. Ohun tí mo bá dè, ẹlòmíràn kì í tú u."

Láti ọjọ́ náà ni òfin aboyún ti dé bá mi. Kí abẹ́rẹ́ pín-ìn-nì má kúrò lára aṣọ mi. Kí n má rìn lọ́sàn-án gangan, kí n má rìn ní ìrọ̀lẹ́, nítorí nǹkan burúkú lè bá aboyún pàdé ní àwọn àkókò yẹn. Láti agogo méjìlá títí di ìrun alásárì, n kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìgbà yẹn gan-an sì ni ìròyìn máa ń ṣẹlẹ̀. Mo ń fi fóònù ṣe iṣẹ́, mo jókòó sójú fèrèsé, mo ń gbọ́ ariwo Ọjà'ba tí n kò lè lọ. Eyínfúnjowó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Bí mo bá ti yọjú, á ní, "Ìyàwó, níbo? Oòrùn ń bẹ lókè o." Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ kí mi kú oríire, ó sì gbé ìròyìn ilé ẹjọ́ tí mo ti ń tẹ̀ lé látọdún tó kọjá fún ẹlòmíràn.

Oṣù karùn-ún kọjá, ìkẹfà wọlé. Ikùn mi wú díẹ̀, ọ̀rá ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń kí i. Irùngbọ̀n mi ń le sí i. Màmá rí i lọ́jọ́ kan, inú rẹ̀ dùn: "Ọkùnrin ni!" Lálẹ́, bí mo bá yí ẹ̀gbẹ́ padà, àgàdágodo náà á gún mi ní ìhà. Ó ń rẹ̀ mí láìṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ pé kò sí ọmọ níbẹ̀. Ohun tí n kò mọ̀ ni nǹkan tó wà níbẹ̀.

Mo purọ́ fún wọn pé mo fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú aboyún, wọ́n sì jẹ́ kí n lọ ní òwúrọ̀. Ní ilé ìwòsàn, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aboyún, nítorí ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta tí wọn kò tíì pè mí. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí pé, "Oṣù mélòó, àǹtí?" Mo ní mẹ́fà. Ó fi ọwọ́ pa ikùn mi, ó ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín. Lọ́jọ́ yẹn, nǹkan méjì ló ń ti mí lójú: irọ́ tí mo pa, àti bí àdúrà náà ṣe wù mí.

Obìnrin tó ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú ní kí n tú ohun tó wà ní ìbàdí mi.

"Kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ mi, mà."

Ó wo àgàdágodo náà, ó wo ojú mi. "Ẹ jẹ́ ká tì í sókè," ó ní, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi láti rí i dájú pé kì í ṣe àìsàn mìíràn ló dá nǹkan oṣù dúró, dókítà ya àwòrán inú mi sórí ìwé fún mi. Ilé ẹyin méjì ni obìnrin ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Lóṣooṣù, àwọn àpò omi kéékèèké tí ẹyin wà nínú wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà. Ọ̀kan nínú wọn á gbó, á là, ẹyin á jáde. Bí ẹyin náà kò bá di oyún, nǹkan oṣù á dé. Àwọn àpò tèmi ń bẹ̀rẹ̀, wọn kì í parí. Wọ́n tò yí ilé ẹyin ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Orúkọ gígùn kan ló ń jẹ́ ní èdè àwọn dókítà, lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n fi gé e kúrú: PCOS. Èmi ń pè é ní àìsàn ẹyin tí kì í gbó.

Ó ní wọn kò tíì mọ ìdí rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó máa ń rìn nínú ẹbí. Họ́mọ́ònù, ìyẹn àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń jíṣẹ́ láti ẹ̀yà ara kan sí èkejì, ni kò wà ní ìwọ̀n. Gbogbo obìnrin ló ní díẹ̀ nínú ti ọkùnrin. Tèmi pọ̀ jù, òun ló ń hu irùngbọ̀n tó sì ń yọ irorẹ́. Ínsúlìn, tó ń gbé ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ara, kò ríṣẹ́ rẹ̀ ṣe dáadáa: ìyẹn ló fa dúdú ọrùn mi, ó sì lọ́wọ́ nínú sísanra mi.

"Ṣé n ó bímọ?" Ìbéèrè kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu mi nìyẹn.

"Ọ̀pọ̀ ló ń bí. Àwọn mìíràn máa ń nílò oògùn tó ń mú ẹyin gbó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe nǹkan oṣù."

Ó ṣàlàyé pé awọ inú ilé ọmọ ń nípọn sí i ní gbogbo oṣù tí kò fi sí ẹ̀jẹ̀, bó bá sì pẹ́ jù, ó lè di àìsàn burúkú. Ó fún mi ní hóró oògùn mẹ́wàá, kí n máa lo ọ̀kan lójúmọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n bá tán, ẹ̀jẹ̀ á dé.

Látì gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìjá mi lẹ́nu. Ó ní, "Lo oògùn ẹ." Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ bá dé nínú ilé yìí, kí la máa sọ?"

"Wọ́n á ní mo ṣẹ́ ẹ."

"Wọ́n á ní o ṣẹ́ ẹ."

Bó ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá lo oògùn náà, mo pa ọmọ wọn. Bí n kò bá lò ó, ara mi ni mo ń fi wewu. Bí mo bá sì ní kò sí oyún rárá, mo pe Màmá ní òpùrọ́, òun àti ọdún mẹ́ta rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tọ́jú hóró mẹ́wàá yẹn sínú àpò ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ mi. Ojoojúmọ́ ni mo ń yọ wọ́n wò.

Eyínfúnjowó ló rí wọn nígbà tí mo wà ní ilé ìwẹ̀. Ó mú wọn lọ bi olóògùn léèrè ohun tí wọ́n wà fún. Nígbà tó padà dé, kò tilẹ̀ wọlé, àárín àgbàlá ló ti pariwo: "Ẹ wá wo oògùn tí ìyàwó yín fi pamọ́! Oògùn tó ń mú nǹkan oṣù wá! Ó fẹ́ ṣẹ́ ọmọ wa dànù!"

Àwọn obìnrin ilé kún yàrá Màmá. Látì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màmá kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé òótọ́ ni?"

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀. Láti ìgbà ìtúnu ààwẹ̀, n kò bi ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn ní ìbéèrè kan. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n bá mi pe Ìyá Ràmọ́nì. Ó dé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó jókòó.

"Ìyá, lọ́jọ́ tí ẹ wá dè mí, ṣé ẹ fọwọ́ kan ikùn mi?"

"Rárá."

"Kí ló dé tí ẹ ò fi kàn án, mà?"

"Wọ́n ní kí n wá dè é, mo wá dè é. Alákọ̀wé ni ẹ́, mo rò pé wọ́n ti wò ẹ́ lọ́sípítù. Ìwọ náà ò sì la ẹnu ẹ pé kì í ṣe oyún."

Òótọ́ ló sọ. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ fún gbogbo wọn pé òótọ́ ni, mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Mo wá bẹ Ìyá Ràmọ́nì pé kó fọwọ́ kàn án báyìí.

Mo dùbúlẹ̀ sórí ẹní. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó sì lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè abẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ lọ sókè, ó wo ìhà méjèèjì. Ó pẹ́. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan níbí."

Eyínfúnjowó ní, "Ẹ̀yìn ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀yìn!"

"Ẹ̀yìn wo? Egungun ló wà lẹ́yìn. Bí mo ti ń gbẹ̀bí tó, mi ò gba ọmọ kankan lẹ́yìn rí."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e mì nígbà tó rí ojú Màmá. Ìyá Ràmọ́nì tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró rẹ̀, ó ṣí àgàdágodo náà, ó fa ọ̀já yọ. Ibi tó wà lára mi ti bó.

Màmá dìde. "Ṣé irọ́ ni tèmi náà, Ìyá Ràmọ́nì?" Ìyá àgbà náà ń ká ọ̀já rẹ̀. Màmá lọ sí ìyẹ̀wù, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Oògùn náà ti padà sọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò lò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń dí mi lọ́nà mọ́. Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ wò mí lójú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ aṣọ òde.

"Ọ̀dọ̀ dókítà ẹ yẹn, òní ńkọ́? Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ bi wọ́n."

A jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Nígbà tí a wọlé, ìbéèrè kan ló bi dókítà: "Obìnrin tí kò rí nǹkan oṣù fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta, tó wá lóyún, tó bímọ lẹ́yìn rẹ̀, ṣé irú èyí lè ti ṣe é?"

"Ó ṣeé ṣe, Màmá. Ẹyin lè jáde lójijì lẹ́yìn ìgbà pípẹ́."

Ó dúpẹ́. Nínú takisí màíkírà tó gbé wa bọ̀, ó ń wo òde títí a fi dé Bẹẹrẹ. Ó wá ní, "Oṣù mẹ́sàn-án péré ni Látì lò." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ìyókù yẹn, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀."

Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ oògùn náà. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n tán ni ẹ̀jẹ̀ dé. N kò ní pè é ní nǹkan kékeré: inú rírun bí ẹni ń fún aṣọ, ẹ̀jẹ̀ dídì, ọjọ́ méje gbáko. Bó bá jẹ́ pé páàdì kan kì í lo wákàtí kan kó tó kún, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé kí n padà wá kíákíá. Kò dé ibẹ̀.

Láti ìgbà náà, mo ń lo oògùn tí àwọn alárùn ìtọ̀ ṣúgà ń lò, nítorí ínsúlìn. Dókítà ló kọ ọ́ fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má lọ rà á fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ da inú mi rú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo dín ẹ̀bà àti búrẹ́dì kù, mo ń jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sí i, mo sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí mo bá ti fẹ́ gba ohùn, lọ́sàn-án gangan. Irùngbọ̀n mi kò tíì tán, ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ kó tó hù ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Eyínfúnjowó wọ yàrá mi, ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Kò tọrọ àforíjì. Ó kàn gbé ìborùn rẹ̀ sókè, ó fi àgbọ̀n rẹ̀ hàn mí. "Dókítà yín yẹn," ó ní, "ṣé ó máa ń gba àlejò?" Èmi ni mo mú un lọ.

N kò tíì lóyún. Dókítà ti ń bá wa sọ̀rọ̀ nípa oògùn tó ń mú ẹyin gbó, wọ́n sì ti yẹ Látì náà wò. Ó lè bọ́ sí i, ó lè má tètè bọ́ sí i. Ìwọ tó ń ka èyí, bí nǹkan oṣù rẹ bá ń pẹ́ kó tó dé, tí irun ń hù níbi tí kì í hù tẹ́lẹ̀, tí ọrùn rẹ ń dúdú, má ṣe fi kànìnkànìn bó o. Lọ jẹ́ kí wọ́n wò ọ́. Mo ti bínú sí ara mi fún ọdún púpọ̀ pé kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi ni n kò dáhùn, ó sì ṣì ń dúró dè mí.

Ní agbo ilé wa, bí nǹkan oṣù ìyàwó tó ń wá ọmọ bá dé, wọ́n á rọra bá a kẹ́dùn. Lóṣù tó kọjá, inú rírun mú mi kí ilẹ̀ tó mọ́. Màmá gbọ́ ìkérora mi, ó kan ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, ṣé òun ni?"

"Òun ni, mà."

"Alihamdulilaahi," ó ní. "Kú oríire."

Mo fi ọwọ́ lé ikùn mi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó ń dùn mí, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo dúpẹ́.